Ta Ní Í Gba Abẹ́rẹ́ Lọ Sílé Bàbá Rẹ̀?

Mùnírù Akóredé kò rìn jìnnà ju Ìlọrin lọ rí láyé rẹ̀. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni, ní abúlé kan tí ọ̀nà rẹ̀ yà láti Akínyẹlé, ibi tí ọlọ́kadà máa ń ráhùn kó tó gbé èèyàn dé bí òjò bá ti rọ̀. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú un sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ: àbúrò rẹ̀, Roheem, tó wà nílùú òyìnbó.

Bàbá wọn kú nígbà tí Roheem ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Mùnírù fi ilé ìwé sílẹ̀, ó gba àdá bàbá rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ìyá wọn ń yan gàrí, Mùnírù ń wa ẹ̀gẹ́, Roheem ń lọ sílé ìwé. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ibà ló fẹ́ mú ọmọ náà lọ ní kékeré. Kò sí òjò tí yóò rọ̀ lọ́dún tí ibà kò ní dá Roheem dùbúlẹ̀. Mùnírù ni yóò pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí obìnrin, yóò gba ọ̀nà oko jáde sí títì, yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ní Mọ́níyà. Ibà á lọ, ibà á tún padà wá. Nígbà tó yá, ó dà bí ẹni pé ibà àti ọmọ náà ti di ojúlùmọ̀. Ara rẹ̀ á gbóná lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la, ó ti wà lórí igi máńgòrò. Láti ìgbà náà ni Mùnírù ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibà kò rí Roheem ṣe mọ́.

Roheem ka ìwé dé ibi tó kà á dé, ó sì rí ọ̀nà kọjá sí òkè òkun. Ọdún tó lò níbẹ̀ láìní ìwé ìgbélùú pọ̀. Inú ọdún wọ̀nyẹn ni ìyá wọn kú, kò sì lè wá sin ín. Nígbà tí ìwé rẹ̀ dára tán, ó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n jọ pàdé lọ́hùn-ún, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Kifayah. Àmọ́ ẹsẹ̀ Roheem kò gbàgbé ọ̀nà oko. Nígbà ìsinmi, tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sùn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á lọ máa rìn nínú igbó àti lórí àpáta, nílùú yìí lọ́dún yìí, nílùú mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ó máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kí lẹ ń wá lórí òkè yẹn?” Mùnírù bi í lọ́jọ́ kan.

“A ò wá nǹkan kan, Bọ̀dá. A kàn ń rìn ni.”

“Ìrìn tí kò lóko níparí,” Mùnírù ní, ó sì mi orí.

Ọdún kan wà tó fẹ́ lọ gun òkè gíga kan ní ilẹ̀ Tanzania. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó lọ, ó ní apá ọ̀tún ń dun òun, apá òsì ń dun òun. Nọ́ọ̀sì ti fún un lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó ti fún un ní ti jẹ̀funjẹ̀fun, ó sì ti kó oògùn ibà fún un tí yóò máa lò lójoojúmọ́ kó tó lọ, nígbà tó bá wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá dé pàápàá. Mùnírù rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ogun lò ń lọ ni?”

“Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, Bọ̀dá. Èèyàn kì í mọ̀.”

Ó lọ, ó gùn ún, ó bọ̀ láyọ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni Roheem wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Òun àti Kifayah ni wọ́n jọ wá, ìyá ọmọ náà kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òjò ọdún náà ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti gbó, koríko ti ga dé ìbàdí lẹ́yìn ilé. Roheem bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Mùnírù kò mọ ìgbà tí òun náà kúnlẹ̀ láti fà á dìde. Àwọn méjèèjì wá di ẹlẹ́rẹ̀ níwájú gbogbo ará abúlé.

Kifayah ti lé lógún ọdún. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ó gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tirẹ̀ dání láti ìlú òyìnbó, ó ní ìpara kan tó máa ń fi pa apá àti ẹsẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, omi inú ike tí wọ́n lẹ̀ lẹ́nu nìkan ló ń mu. Láràárọ̀, bó bá ti jẹun tán, yóò lo oògùn rẹ̀. Fàtímọ̀, ìyàwó Mùnírù tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bàṣírù, fi ọjọ́ méjì wò ó, ní ọjọ́ kẹta ó bu omi tútù nínú ìkòkò wá bá a.

“Ẹ ṣé, mà,” Kifayah ní. “Mo ní omi.”

“Ṣé omi tiwa lẹ́gbin ni?”

Ojú ọmọ náà pọ́n. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Roheem ti gba ife náà, ó gbé e mu tán, ó nu ẹnu.

“Ìyá Bàṣírù, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ òyìnbó ni. Ẹ bu òmíràn wá fún mi.”

Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ yọ́. Ṣùgbọ́n Kifayah kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

“Dádì, ẹ ò tíì lo oògùn ibà yín láti ìgbà tí a dé.”

“Mi ò tiẹ̀ rà á.”

“Ẹ lò ó nígbà tí ẹ lọ gun òkè.”

“Òkè yẹn kì í ṣe ilé mi.” Roheem na ọwọ́ sí gbogbo àyíká, sí ilé, sí igi, sí àwọn aládùúgbò tó jókòó kiri. “Ta ní í gba abẹ́rẹ́ lọ sílé bàbá rẹ̀? Ẹ̀fọn ibí mọ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n mu dàgbà!”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Mùnírù ló pọ̀ jù níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì tó fún mi lábẹ́rẹ́ sọ pé ara máa ń gbàgbé,” Kifayah ní. Ó rọra ń ṣa ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ó ní tí èèyàn bá ti pẹ́ ní ìta, ara ẹ̀ á gbàgbé ibà. Á wá dà bí ara àlejò. Bíi tèmi.”

“Ara kì í gbàgbé ilé, ọmọ mi,” Mùnírù dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni.

Ohun tí Roheem wá ṣe gan-an ni pé kó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà abà bàbá wọn àgbà. Abà náà wà lẹ́yìn odò, ó ti pẹ́ tí kò ti sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Mùnírù nìkan ló ṣì ń lọ ro ìdí kòkó díẹ̀ tó kù. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, àwọn mẹ́ta gbéra: Mùnírù níwájú pẹ̀lú àdá, Roheem láàárín, Kifayah lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ńlá lẹ́yìn rẹ̀ àti aṣọ tó bò ó dé ọrùn ọwọ́. Roheem kò yé sọ̀rọ̀. Ó dá igi àràbà kan mọ̀. Ó dá ibi tí ejò ti lé e nígbà kan mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé odò, ó bọ́ bàtà, ó fi ọwọ́ bomi bọjú, ó sì mu ún. Kifayah ṣíjú kúrò.

Wọ́n sùn ní abà náà títí ọjọ́ mẹ́ta fi pé. Inú ilé gbóná, ó sì ń rùn fún àdán, nítorí náà Kifayah so nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ igi àjà, ó wọ abẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tẹ́ ẹní sí abẹ́ àtíbàbà níta. Ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, odò kò jìnnà. Roheem ń gbá ẹsẹ̀, ó ń gbá ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ gé igbó kúrò lórí sàréè bàbá àgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà tán, Roheem kò dìde.

“Bọ̀dá, nígbà tí Ìyá kú, mo wà nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn. Mi ò lè ké. Tí mo bá ké, onílé á gbọ́, á bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, á rí i pé a pọ̀ jù nínú yàrá. Mo ki aṣọ bọ ẹnu.”

Mùnírù gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, “O ti délé báyìí.” Roheem wá ké, ó ké bí ọmọdé, kò sì sí onílé kankan tó máa gbọ́.

Ìyẹn ni ìgbà tó dùn jù nínú ìrìn àjò náà. Mùnírù rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò padà ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú Roheem. Oòrùn ń ta, òun sì ń wá aṣọ òtútù. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń ro ó. Fàtímọ̀ se àgbo ewé dóńgóyárò, ó mu ún, ó bì í. Ọlájídé tó ni kẹ́mísìtì ní ìkóríta wá gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ó sì fún un lóògùn díẹ̀ nínú ọ̀rá. Òógùn bò ó, ara rẹ̀ tutù, ó ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara rẹ̀ tún ti gbóná.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ńlá ní ìgboro,” Kifayah ní. “Kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì fún yín.”

“Ọ̀tunla la ó wọkọ̀ òfuurufú. Mà á rí dókítà mi lọ́hùn-ún. Àárẹ̀ ìrìn ni, ọmọ mi.”

Kifayah jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Mùnírù ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ yẹn, bóyá ó rí i lára àwọn ọmọ abúlé.

“Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n máa gbọ́ tiyín.”

Mùnírù wo ọmọ náà. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ ọ́ lọ́kàn, ó sì dà bí ohun ẹ̀rín díẹ̀ lójú rẹ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀rù omi ìkòkò fẹ́ kọ́ òun ní ọ̀ràn ibà.

“Ibà ni, Kifayah. Ibà kì í pa ọmọ oko. Mo ti ń pọ̀n bàbá rẹ lọ sí Mọ́níyà kí a tó bí ọ. Á lọ.”

Ọmọ náà ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó wọlé. Mùnírù tẹ̀lé e wọlé nígbà tó ṣe. Roheem dojú kọ ògiri. Gbogbo ohun tí Mùnírù sọ fún un kò ju pé, “Ṣé o jẹun?” Roheem ní òun jẹ díẹ̀. Mùnírù padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Roheem fi ọwọ́ mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ojú wíńdò mọ́tò. Ọwọ́ náà gbóná bí àgbada. Mùnírù mọ̀ ọ́n lára. Ó rò pé oòrùn ni.

Kò pẹ́ tí ìpè fi wọlé. Kifayah ni.

“Bàbá, Dádì ò lè sọ̀rọ̀.”

Ó ṣàlàyé bó ṣe lè ṣàlàyé é. Nígbà tí wọ́n délé, Roheem ní ọ̀fìnkìn ni, pé ojú ọjọ́ tó yí padà ló fà á. Ó dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde láti lọ sí ilé ìgbẹ́, ó ṣubú. Ọsibítù kọ́kọ́ rò pé òtútù àyà ni, títí Kifayah fi pariwo mọ́ wọn pé ilẹ̀ tí ibà wà ni wọ́n ti ń bọ̀, pé kò lo oògùn. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí ibà náà. Ó ti gun orí rẹ̀, ó ti ba kíndìnrín jẹ́.

“Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé a tètè...” Ọmọ náà kò parí rẹ̀.

Mùnírù jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Ó fẹ́ gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn gan-an nìyẹn: pé kó gbé Roheem pọ̀n, kó gba ọ̀nà oko jáde sí títì. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lásán.

Roheem kò la ojú mọ́. Ìlú òyìnbó ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí tó wà níbẹ̀. Kifayah gbé fóònù sókè kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lè rí i. Iwájú mọ́sálásí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára tó láti gbé àwòrán lábúlé, ibẹ̀ ni Mùnírù dúró sí, ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ló ń kó erùpẹ̀ dúdú sórí àbúrò rẹ̀. Àwòrán náà dúró gbagidi, ṣọ́bìrì kan wà lókè tí kò sọ̀kalẹ̀, ohùn ń lọ, àwòrán kò lọ. Nígbà tó máa ṣí, àwọn èèyàn ti ń kúrò nídìí sàréè.

Lábúlé, ìmáàmù ṣe àdúrà fídáù. Àwọn èèyàn wá. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ọjọ́ rẹ̀ ló pé.

“Àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni,” Fàtímọ̀ wí fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí àlejò ti lọ tán. “Kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́.”

“Mo mọ̀,” Mùnírù ní. “Ọlọ́run náà ló dá oògùn tí ọmọ yẹn ń lò.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ Mùnírù tó kéré tẹ́lẹ̀ tún kéré sí i. Ó gbàgbé kòkó abà lórí igi títí ó fi rà. Ó máa ń jókòó síbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láìsí ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kifayah máa ń pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní ìgbà kan, Mùnírù ṣe ọkàn gírí, ó bi í léèrè.

“Ọmọ mi, ṣé o ń bínú sí mi?”

“Mo ń bínú, Bàbá. Mi ò tíì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè ọjọ́ Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀sẹ̀, ó wá ń fo oṣù. Mùnírù kò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Sanmí, ọmọ Elijah tí ilé wọn kọjú sí ti Mùnírù, ti ilẹ̀ Kánádà wá ṣọdún Kérésìmesì. Ó ti pẹ́ tó ti lọ, òun náà. Ìyàwó rẹ̀, Mojí, bá a wá. Ilé Elijah kún, wọ́n ń fi ìgò lu tábìlì, wọ́n ń kọrin ìyìn. Mùnírù wo ilé náà láti òdìkejì ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan. Ní àárọ̀ kan ó wọ fìlà, ó kọjá síbẹ̀.

Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní àga. Ó kí Sanmí káàbọ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀:

“Sanmí, ṣé ò ń lo oògùn ibà? Bí o kò bá lò ó, má jẹ́ kó pẹ́. Tí ara rẹ bá sì gbóná, má lọ sí kẹ́mísìtì. Ìgboro ni kó o lọ, kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tó o bá dé ọ̀hún tí ara rẹ gbóná, sọ fún wọn pé ibí lo ti ń bọ̀.”

Sanmí rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Àmọ́ ẹ má ṣèyọnu. Ibí ni wọ́n bí mi sí.”

“Ibí ni wọ́n bí Roheem sí náà.”

Elijah dìde. “Mùnírù, ó tó. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ délé, o wá ń fi òkú wé e. Kí ni mo ṣe fún ọ?”

Mùnírù tọrọ gáfárà, ó jáde. Mojí sáré bá a lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Oògùn náà wà nínú báàgì. Ó lò ó fún ọjọ́ méjì, ó ní ó ń yí òun ní inú. Mà á tún bá a sọ ọ́.”

“Bá a sọ ọ́,” Mùnírù ní. “Bó bá tiẹ̀ bínú sí ọ, bá a sọ ọ́.”

Sanmí kò lò ó. Ó jẹun, ó mutí, ó sùn síta nítorí ilé kún, ó ṣe ọdún tuntun, ó padà sí Kánádà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Elijah tí kì í kí Mùnírù mọ́ ló wá dúró lójú ọ̀nà ní àárọ̀ kan, tó gbé ohùn sókè kí àwọn tó ń lọ sóko lè gbọ́.

“Sanmí ní kí n kí ọ o! Ó ní ibà tó o ní ó máa pa òun kò tíì dé.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mùnírù náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

“Alhamdulilahi,” ó ní. “Bá mi kí i.”

Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sì fi dúpẹ́. Kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú kí ọ̀rọ̀ òun lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ lọ́nà oko, ohun kan ń gún un lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: pé ọmọ Elijah kò lo oògùn, ó yè, àbúrò òun kò lo oògùn, ó kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún òun ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó dé ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó fi àdá sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Roheem, kò tíì sunkún. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Oko dá. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó jókòó sáàárín poro ebè, ó ká orúnkún sókè, ó sì jẹ́ kí ẹkún náà jáde.